Àwòrán Àwọn Àgbà Òṣèré

Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣa fọ́tò àwọn àgbà òṣèré jọ sí ilé mi ní Ushafa lẹ́bàá Àbújá yìí, èyí tí a fọ̀ sórí bébà nínú yàrá òkùnkùn láyé àtijọ́: ti Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ eré rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1945; ti Adéyẹmí Afọláyan tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Adé Love; ti Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá apanilẹ́rìn-ín; àti ti Orlando Martins, ọmọ Èkó tí òun àti Ronald Reagan, ẹni tí ó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà, jọ ṣeré nínú sinimá The Hasty Heart ní ọdún 1949. Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin.

Àṣà kan wà nídìí iṣẹ́ fọ́tò ní ìlú òyìnbó tí ó wù mí púpọ̀. Bí ayàwòrán irú bí Terry O'Neill, ẹni tí ó ya Faye Dunaway létí odò ìlúwẹ̀ẹ́ ilé ìtura ní Beverly Hills ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí obìnrin náà gba ẹ̀bùn Oscar ní ọdún 1977, bá fẹ́ fọ àwòrán fún títà, yóò dá iye rẹ̀, yóò kọ nọ́ḿbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò fọwọ́ sí i, kò sì ní fọ òmíràn ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀jẹ́ ni nọ́ḿbà yẹn láàárín ẹni tí ó tà á àti ẹni tí ó rà á. Àwọn amọ̀kòkò agbègbè wa níhìn-ín náà mọ irú rẹ̀, nítorí ní ilé iṣẹ́ ìkòkò tí Michael Cardew dá sílẹ̀ ní Suleja, níbi tí Ladi Kwali, obìnrin tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà, ti ṣiṣẹ́, olúkúlùkù nígbà náà ni ó ń tẹ òǹtẹ̀ tirẹ̀ sára amọ̀ kí iná tó jó o.

Àwòrán àwọn òṣèré tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ògúndé gbé sinimá Aiyé jáde ní ọdún 1979, tí Jáiyésinmi sì tẹ̀ lé e ní 1980, ara ògiri ni a lẹ pósítà wọn mọ́ fún òjò. Ìwé Atọ́ka tí ó ń fi fọ́tò sọ ìtàn eré, a kà á títí ó fi ya. Ọ̀wọ́n ni wọ́n lónìí, ṣùgbọ́n ikán, ooru àti àìbìkítà ni ó sọ wọ́n di ọ̀wọ́n. Sinimá pàápàá kò yọ nínú àdánù yìí: Ọ̀run Mooru tí Bàbá Sàlá gbé jáde ní 1982, àwọn olè ṣe àdàkọ rẹ̀ títí gbèsè fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá olówó rẹ̀ jẹ́. Síbẹ̀, sinimá Shaihu Umar ti ọdún 1976, tí a rò pé ó ti ṣègbé, ni a rí ní Jos, tí a tún ṣe, tí a sì fi hàn ní Berlin ní 2018. Níbi tí nẹ́gátíìfù bá ṣì wà, omi ló dànù, agbè kò fọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin ọmọ àwọn ayàwòrán àtijọ́ ní Òṣogbo, ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta: ẹ má ṣe sun àpótí nẹ́gátíìfù bàbá yín. Ẹ pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà kí ó fọ̀ wọ́n, ẹ dá iye rẹ̀, ẹ kọ nọ́ḿbà sí i, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù kọ orúkọ òṣèré, eré àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹ tó ta ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.