Ohun Tí A Bá Fẹ̀sọ̀ Mú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì ti fi kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ilé ìwé, ṣùgbọ́n orí kẹ̀kẹ́ ni ó ti wá yé mi.

Ní ọdún 1978, Ìsẹ́yìn ni mo ń gbé. Ilé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà ní abúlé kan ní ojú ọ̀nà Òkèhò, ó sì tó kìlómítà 15 sí ilé mi. Owó oṣù mi kò ká alùpùpù ńlá. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ńjìnnì ni mo rà, irú èyí tí a lè fi ẹsẹ̀ yí bíi kẹ̀kẹ́ lásán nígbà tí epo bá tán. Inú mi dùn sí i púpọ̀. Àmọ́ kò pẹ́ tí mo fi ṣàkíyèsí pé bí mo bá dé ilé ìwé, ọwọ́ mi méjèèjì a máa gbọ̀n, àwọn ìka mi a sì kú bí ẹni pé wọn kì í ṣe tèmi. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí mo ń dì mú ni ó ń gbọ̀n rìrì láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò dé òpin. Èmi náà a sì fún un mọ́wọ́ gírígírí, nítorí mo rò pé bí mo bá ti dì í mú tó ni yóò ṣe dákẹ́ tó. Kò dákẹ́.

Iṣẹ́ Yorùbá ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi mọ̀ pé àmì ohùn kò fẹ́ ọwọ́ tí ń gbọ̀n. Ní ọ̀sẹ̀ kan, mo na ọmọ méjì nítorí àmì tí wọ́n ṣì kọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo kọ ọ́ sí ojú pátákó pé kí àwọn ọmọ fọ ọwọ́ wọn kí wọ́n tó jẹun. Ẹfun yẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, àmì òkè di àmì ìsàlẹ̀, n kò sì rí i. Àwọn ọmọ dà á kọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ mẹkáníìkì abúlé náà. Ọkùnrin náà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Bí mo ti ń lọ sílé ní ọjọ́ kejì, mo yà ní ìsọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí a kí ara wa tán, ó ní:

"Tíṣà, ẹ má bínú o. Ọmọ yín kàwé fún wa lálẹ́ àná. Ṣé ọwọ̀ ni wọ́n ń fọ̀ ní ilé ìwé kí wọ́n tó jẹun ni?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rántí àwọn ọmọ méjì tí mo nà. Mo sọ fún un pé ọwọ́ mi kò gbọ́ tèmi mọ́, àti pé ìyàwó mi ń rò ó pé àfọwọ́fà ayé ni. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi, ó wo kẹ̀kẹ́ mi.

"Tíṣà, kẹ̀kẹ́ yìí ni ayé tí ń bá yín jà. Ẹ jókòó."

Ìdí ọ̀rọ̀ ni ó kọ́kọ́ wá. Pístìnnì kan ṣoṣo ni ó wà nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìkejì tí yóò máa bá a dọ́gba. Bí ẹ́ńjìnnì bá yí ní ìgbà 4,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 75 ni yóò mi kẹ̀kẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn nọ́ọ̀tù tí ó de ẹ́ńjìnnì mọ́ ara kẹ̀kẹ́ ti tú díẹ̀; ó tún wọn dè, ó sì fi rọ́bà sí àárín irin àti irin. Ó yẹ bọ́ọ̀lù ọrùn kẹ̀kẹ́ wò, ó mú un le. Ó dín afẹ́fẹ́ táyà iwájú kù, nítorí ó ti pọ̀ jù. Ó gé túùbù ògbólógbòó, ó wé e mọ́ ibi tí mo ń dì mú. Níkẹyìn, ó ki irin bọ ihò ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lọ́tùn-ún lósì, ó sì fi rọ́bà há a. Ó ní ohun tí ó bá wúwo kì í tètè gbọ̀n.

"Ó wá ku ẹ̀yin fúnra yín," ni ó wí. "Bí ẹ bá ti fún un mọ́wọ́ tó ni yóò ṣe wọ egungun yín tó. Ẹ mú un bí ìgbà tí ẹ mú ọwọ́ ọmọ kékeré kọjá títì: kó má bọ́, kó má sì dùn ún."

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni mo kà nípa Alice Hamilton, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1918, ó ṣe ìwádìí lórí àwọn agbẹ́kùúta ní Indiana, tí ìka wọn ń funfun tí ó sì ń kú nítorí irinṣẹ́ tí ń gbọ̀n. Ní ọdún 2002, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣòfin lórí ìwọ̀n gbígbọ̀n tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ lè fara gbà lójúmọ́. Àwọn onímọ̀ náà sì gbà pé ìdìmú líle a máa jẹ́ kí gbígbọ̀n wọ ara sí i. Ẹni tí ìka rẹ̀ bá ń kú tí kò tètè jí, kí ó ré kọjá ìsọ̀ mẹkáníìkì, kí ó lọ rí dókítà.

Kẹ̀kẹ́ mi kò ṣíwọ́ gbígbọ̀n pátápátá, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi sinmi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún gbólóhùn náà kọ, mo sì sọ fún kíláàsì pé olùkọ́ ni ó ṣì í kọ. Mo pe àwọn ọmọ méjì náà síwájú. Ojú tì mí láti bẹ ọmọdé, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n. Láti ọjọ́ náà, kí n tó gbé pàṣán, mo máa ń kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara mi.