Pọ́ǹpù Wà Nínú Àpò Mi

Àwa mẹ́sàn-án la gun kẹ̀kẹ́ ológeere kúrò ní Èkó, tí a gba Àgbádárìgì kọjá sí orílẹ̀-èdè Benin. A sun Àgbádárìgì lálẹ́ àkọ́kọ́, a sun Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo lálẹ́ kejì, a sì sun Kútọnu lálẹ́ kẹta. Ọjọ́ kẹrin, tí í ṣe ọjọ́ ìkẹyìn ìrìn àjò náà, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ọjọ́ náà ni mo ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ kan tí ọkàn mi kò tíì yé bá mi wí fún.

Èmi ni olórí ẹgbẹ́. Ọ̀dọ́ ni gbogbo wa, àfi Bàbá nìkan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ẹni ọdún 68. Bàbá gan-an ló dá àbá ìrìn àjò náà. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ìtàn òwò ẹrú, ṣùgbọ́n kò fi ẹsẹ̀ tẹ etíkun Ouidah rí. Ó ní ẹsẹ̀ ni wọ́n fi kó àwọn baba ńlá wa débẹ̀, nítorí náà òun kò ní wọ mọ́tò lọ kí wọn. Ní Àgbádárìgì, mo ṣe òfin kan: ẹni tó bá kẹ́yìn ni gbogbo wa yóò máa wò sáré. Gbogbo wa la jọ fọwọ́ sí i.

Ọ̀nà láti Kútọnu dé Ouidah tó nǹkan bí ogójì kìlómítà, kò sì sí òkè kankan lójú ọ̀nà náà. A gbéra ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, láàárín àwọn ọlọ́kadà tó wọ ẹ̀wù yẹ́lò àti àwọn tó ń ta epo bẹntiróòlù nínú ìgò lẹ́bàá títì. Nígbà tí a kọjá Godomey, títì tú díẹ̀, ara wá ń yá wa. Ní Pahou, mo bojú wẹ̀yìn, n kò rí Bàbá.

Ọ̀kan nínú wọn sọ pé: “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà tààrà ni. Bàbá ò lè ṣìnà. Wọn á bá wa níwájú.”

Mo rántí òfin tí mo ṣe. Ṣùgbọ́n oòrùn ń gòkè, èmi náà sì fẹ́ tètè dé. Mo ní: “Ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

A dé Ouidah kí aago mẹ́wàá tó lù. A gba ọ̀nà oníyanrìn tó lọ láti ìlú sí òkun, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin, ọ̀nà kan náà tí wọ́n ń da àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀. Ẹnubodè ńlá tí wọ́n kọ́ ní ìrántí wọn ló wà ní òpin rẹ̀, Ẹnubodè Àìpadà. A pariwo, a ya fọ́tò. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí àwọn ère tó wà lára ẹnubodè náà: ọ̀wọ́ àwọn ènìyàn tí wọ́n so mọ́ra, tí wọ́n ń rìn lọ sínú òkun. Mo ka orí wa. Mẹ́jọ ni wá.

Láìnì Nàìjíríà tó wà nínú fóònù Bàbá kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo dá kẹ̀kẹ́ mi padà. Kí n tó kọjá Pahou tán ni mo rí i, ó jókòó sábẹ́ ìbòòji ìyá kan tó ń ta epo. Taya ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti jò. Ìgbà náà ni mo rántí pé pọ́ǹpù kan ṣoṣo tí a ní, àti ohun tí a fi ń lẹ taya, inú àpò mi ni wọ́n wà.

Ará Kétu ni ìyá náà. Ó ti fún Bàbá lómi, ó sì ti rán ọmọ rẹ̀ lọ pe ẹni tí yóò lẹ taya. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní: “Ṣé ẹ̀yin ni olórí wọn?”

N kò lè dáhùn. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá.

Bàbá ní: “Dìde. Ṣé ẹ ti rí òkun?”

Mo ní: “A ti rí i, sà.”

“Ó dára. Ó ku kí èmi náà rí i.”

Mo lẹ taya náà, mo sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn títí a fi dé. Àwọn yòókù ṣì ń dúró, kò sẹ́ni tó ń pariwo mọ́. Bàbá ṣí fìlà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan yanrìn, ó dúró pẹ́. Kò ya fọ́tò kankan.

Láti ìgbà náà, nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn olórí wa ń sọ pé ọ̀nà tí àwọn mú wa tọ̀ dára, pé kí mẹ̀kúnnù ṣe sùúrù, wọn yóò bá wọn níwájú, ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Pahou ni mò ń rántí. Ó rọrùn púpọ̀ láti sọ. Èmi náà ti sọ ọ́ rí, tọkàntọkàn, nígbà tí pọ́ǹpù ẹni tó kù lẹ́yìn wà nínú àpò mi.