Fàájì ni wọ́n bá lọ sétí òkun Brighton, ọ̀rọ̀ ọkọ ló pàdé wọn níbẹ̀

Ọdún méjì gbáko làwọn obìnrin mẹ́rin kan tí wọ́n ń gbé ní Peckham, níbi táwọn Yorùbá pọ̀ sí ní London, fi dá owó ìgbafẹ́ ọjọ́ mẹ́ta péré. Ogún pọ́n-ùn lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ń dá lóṣù. Ìyá Ìbejì, tó ń ta èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ, ló ń gba owó náà pamọ́, nítorí gbogbo wọn mọ̀ pé tówó bá ti wọ báàgì obìnrin yìí, bí wọ́n sunkún ẹ̀jẹ̀, kò ní í jáde àfi lọ́jọ́ àdéhùn. Ó ju àwọn yòókù lọ dáadáa, "Màmá" ni wọ́n sì ń pè é. Àwọn mẹ́ta tó kù, ilé ẹ̀kọ́ girama kan náà ni wọ́n jọ lọ n'Ìbàdàn: Nọ́ọ̀sì, Tíṣà, àti Adúmáradán tó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Orúkọ tí wọ́n ń pera wọn nìyẹn, èyí táwọn òbí wọn sọ wọ́n kò kan ẹnikẹ́ni.

Nọ́ọ̀sì ló dá ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ náà sílẹ̀. Ó ní òun ti lo ọdún mọ́kànlá nílùú òyìnbó, ibi tóun sì mọ̀ níbẹ̀ kò ju ilé, ọsibítù, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà lọ. Ó ní táwọn ará ilé bá ní kóun sọ bí ìlú náà ṣe rí, irọ́ lòun máa ń pa. Brighton lọkàn wọn mú, nítorí pé ọkọ̀ ojú irin tó ń gbéra ní Victoria kì í lò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ kó tó débẹ̀. Láti ọdún 1841 lojú irin ti so ìlú náà mọ́ London, látìgbà náà sì làwọn ará London ti ń ya lọ síbẹ̀ tóoru bá ti mú.

Ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù keje, ọdún 2024, ni wọ́n gbéra. Ìyá Ìbejì gbé kúlà dání, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹran díńdín ló kún inú ẹ̀. Tíṣà ní ojú ń ti òun, pé ta ló ń gbé kúlà lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Ìyá Ìbejì ò tiẹ̀ dá a lóhùn. Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán, tí wọ́n gbọ́ iye tí wọ́n ń ta ẹja díńdín àti ọ̀dùnkún létí òkun, Tíṣà fúnra ẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣí kúlà.

Ohun tó kọ́kọ́ yà wọ́n lẹ́nu ni pé kò síyanrìn létí òkun náà. Òkúta ni, kéékèèké àti ńláńlá, ló lọ salalu. Ẹni tó bá ti sáré lẹ́sẹ̀ lásán ní Ẹlẹ́gùúṣì l'Ékòó yóò rò pé wọ́n ń fìyà jẹ òun ni. Síbẹ̀, àwọn òyìnbó sùn gbalaja sórí òkúta yìí, wọ́n ń yáàrùn. Nọ́ọ̀sì ki ẹsẹ̀ bọ omi, ó figbe bọnu. Ó ní àfi bíi pé inú fíríìjì ni wọ́n ti da omi náà wá.

Wọ́n lọ sórí Palace Pier, afárá tó na ara ẹ̀ wọnú òkun, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1899. Ọdún 2024 yẹn gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba pọ́n-ùn kan lọ́wọ́ àlejò. Ìyá Ìbejì ní, "Kí n sanwó láti rìn lórí pákó? Ó dáa, kò burú." Ó san án ṣá. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo egungun irin afárá kejì lọ́ọ̀ọ́kán, West Pier, tí wọ́n tì pa lọ́dún 1975, tíná sì jó lọ́dún 2003. Wọ́n tún dé Royal Pavilion, ààfin tí ọmọ ọba tó padà di Ọba George Kẹrin kọ́ sáàárín ìlú. Bí mọ́ṣáláṣí ló rí lókèèrè. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì gbọ́ pé ọsibítù àwọn sójà India ni wọ́n fi ṣe láti 1914 sí 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó ní òun ì bá fẹ́ ṣiṣẹ́ òru nírú ibẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni fóònù Adúmáradán dún. Màmá ẹ̀ ni, láti Ìbàdàn. Tíṣà tí wọ́n jọ wà ní yàrá kan náà gbọ́ gbogbo ẹ̀. Àwọn ẹbí ọkùnrin kan fẹ́ẹ́ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Sátidé tó ń bọ̀.

"Màmá, mo gbọ́ yín, mà. Ẹ jẹ́ kí n rò ó."

"Kí lo tún fẹ́ẹ́ rò? Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ẹ́ o! Ṣé títí tí mo fi máa kú lo máa rò ó?"

Ọkùnrin ọ̀hún ti lé láàádọ́ta ọdún, ìyàwó ẹ̀ ti kú. Ó nílé méjì ní London, ó sì ti gba páálí ìlú òyìnbó. Òun ló ń sanwó ilé ìwé àbúrò Adúmáradán láti ọdún tó kọjá. Kì í mutí, kì í pariwo. Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Ká ní ó burú ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti tán.

Láàárọ̀ Sátidé, nídìí tíì, gbogbo wọn ló dá sí i. Ìyá Ìbejì ní kí ọmọbìnrin yìí yáa gbà. "Ìfẹ́ wo lẹ̀ ń wí? Èmi àti Bàbá Ìbejì, ẹ̀gbọ́n mi ló mú un wá. Ọdún kẹta kí n tó mọ̀ pé mo fẹ́ràn ẹ̀." Tíṣà ò bá wọn jiyàn. Ó kàn ní kí wọ́n wọ bàtà wọn, pé ibì kan wà tóun fẹ́ mú wọn dé.

Ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ló mú wọn lọ, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó wà lórí òkè. Níwájú ẹ̀ ló ti sọ fún wọn pé ọmọ Yorùbá kan ṣègbéyàwó níbẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ, ọdún 1862. Sarah Forbes Bonetta lòyìnbó ń pè é, Àìná ni wọ́n ní orúkọ ẹ̀ láti ilé. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ni, nílẹ̀ Yewa. Lọ́dún 1848, ogun Dahomey kó ìlú wọn, wọ́n pa bàbá àti ìyá ẹ̀, wọ́n sì mú òun lẹ́rú. Lọ́dún 1850, Ọba Gezo fi í ta ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi òyìnbó kan, Frederick Forbes, lọ́rẹ fún Queen Victoria, bí ẹní fi ewúrẹ́ tọrẹ. Ayaba sọ ọ́ di ọmọ tó ń tọ́jú, ó rán an lọ síléèwé. Nígbà tó tó nǹkan bí ọmọ ọdún méjìdínlógún, James Davies, oníṣòwò ńlá tí ìyàwó ẹ̀ ti kú, ní òun fẹ́ ẹ.

Tíṣà ní Àìná ò kọ́kọ́ gbà. Lẹ́tà tó kọ sí obìnrin tó tọ́ ọ ṣì wà dòní. Ó sọ níbẹ̀ pé àwọn èèyàn yóò ní èèyàn dáadáa lọkùnrin náà, pé bó pẹ́ bó yá òun yóò fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò gbà pé òun lè ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Síbẹ̀ náà, ó padà gbà. Ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀.

Ìyá Ìbejì béèrè pé, "Ìgbéyàwó náà ńkọ́, ṣó tú ká?"

Tíṣà ní rárá. Wọ́n kó lọ sÉkòó, wọ́n bímọ mẹ́ta. Victoria, àkọ́bí wọn, ló fẹ́ Dókítà John Randle, ẹni tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sọ ilé àṣà Yorùbá tó wà l'Óníkàn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa Àìná ní erékùṣù Madeira lọ́dún 1880, ọkọ ẹ̀ sì gbé òpó òkúta kan dúró ní ìrántí ẹ̀.

"Ẹ wá rí i!" ni Ìyá Ìbejì wí, ó pàtẹ́wọ́. "Ṣebí ó gbélé ọkọ!"

Adúmáradán ò sọ nǹkan kan. Inú bọ́ọ̀sì alájà méjì tí wọ́n wọ̀ lọ sápá Eastbourne náà, kò sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Birling Gap, níbi tí òkè Seven Sisters ti funfun báláú bí ẹfun. Òkun ń jẹ òkè náà nísàlẹ̀, ó sì máa ń ya lulẹ̀ láìrò tẹ́lẹ̀. Ọ̀wọ́ ilé kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí òkè ṣe ń ya ni wọ́n ń wó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má sún mọ́ etí.

Ibi tí wọ́n jókòó sí lórí koríko, jìnnà sí etí òkè, ni Adúmáradán ti tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ìjọba ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó gbà á wá láti Nàìjíríà. Home Office ti kọ̀wé sí i pé ọgọ́ta ọjọ́ ló ní láti rí ilé iṣẹ́ mìíràn tó lè gba ìwé ìgbélùú fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa lọ sílé. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ti lọ níbẹ̀. Màmá ẹ̀ nìkan ló sọ fún. Ìdí tọ́rọ̀ ọkọ fi di kánmọ́kánmọ́ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ìwọ! O ń bá wa jẹ ìrẹsì látàná, èyí wà nínú ẹ?"

"Ojú ló ń tì mí. Mo sì ti sanwó àjọ mi pé."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó wá kọjú sí Ìyá Ìbejì, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Lóòótọ́ ni Àìná gbélé ọkọ. Ṣùgbọ́n tó bá ní òun ò ṣe, ilé ta ni ì bá lọ? Ogun ti pa àwọn èèyàn ẹ̀. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ní mi ò ṣe, mo mọ ilẹ̀kùn mẹ́ta tí mo lè kàn ní Peckham. Àbí mi ò mọ̀ ọ́n?"

Ìyá Ìbejì wo òkun títí. Ẹ̀yìn náà ló ní, "O mọ̀ ọ́n." Kò tún dárúkọ ọkọ mọ́.

Nígbà tí wọ́n dé Eastbourne, arúgbó ló kún bẹ́ǹṣì etí òkun, nítorí ìlú táwọn òyìnbó máa ń lọ gbé tí wọ́n bá ti fẹ̀yìn tì ni. Tíṣà ń ya fọ́tò. Ìyá Ìbejì fi ojú ọlọ́jà wò wọ́n, ó ní, "Àgbà tó pọ̀ tó báyìí, ta ló ń tọ́jú wọn?" Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí Nọ́ọ̀sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó tó wà létí òkun náà lórí fóònù, tí Tíṣà sì ń kọ orúkọ wọn sẹ́yìn rìsíìtì. Wọ́n kó mẹ́rìnlá jọ.

Inú ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ Sunday ni Adúmáradán ti pe ìyá ẹ̀ pé káwọn àlejò má wá. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì nìyá náà ò fi gbé fóònù ẹ̀. Ó pe ọkùnrin náà fúnra ẹ̀, ó dúpẹ́, ó sọ òótọ́ fún un, ó ní òun yóò san owó ilé ìwé àbúrò òun padà. Ọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun ò béèrè owó. Adúmáradán ti san ìdajì ẹ̀ báyìí.

Nínú ilé mẹ́rìnlá tí wọ́n kọ̀wé sí, mẹ́ta ló fèsì, ọ̀kan ló gbà á. Ọjọ́ mẹ́fà péré ló kù nínú ọgọ́ta náà. Ní gbogbo àsìkò yẹn, yàrá Nọ́ọ̀sì ló ń sùn, ìsọ̀ Ìyá Ìbejì ló ti ń gbé oúnjẹ, Tíṣà ló sì ń bá a ka gbogbo fọ́ọ̀mù.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé èèyàn laṣọ. Wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ àjọ mìíràn, ogún pọ́n-ùn lóṣù. Nọ́ọ̀sì ò sì purọ́ fáwọn ará ilé mọ́: tí wọ́n bá ní báwo nìlú òyìnbó ṣe rí, ó máa ń ní òkúta ló wà létí òkun wọn, kì í ṣe iyanrìn.