Ẹ̀wù Òtútù Ààrẹ Carter

Ọdún 1977 ni mo ń wí, nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú bíi kóró iṣin. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mo jẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ohio l'Amẹ́ríkà. Ọyẹ́ ni mo mọ̀ láti ilé. Ohun tí mo bá níbẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́. Yìnyín bo ilẹ̀, ó bo òrùlé. Gáàsì tí wọ́n fi ń múlé gbóná wọ́n gógó, débi pé wọ́n ti ọ̀pọ̀ ilé-ìwé pa.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì oṣù Kejì, èmi àti ìyá onílé mi jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Jimmy Carter, tí kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí oyè, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ẹ̀wù òtútù lọ́rùn rẹ̀. Ó ní kí olúkúlùkù dín ooru ilé kù sí ìwọ̀n 65 ti Fahrenheit lọ́sàn-án, 55 lóru. Ìyá onílé kò wí nǹkan kan. Ó dìde, ó yí ẹ̀rọ amúlégbóná tó wà lára ògiri wálẹ̀, ó sì ká àkísà sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má baà ráyè wọlé.

Àfi bí ẹni pé ìyá tèmi ni mo ń wò. Lábúlé wa, bí a bá ti jẹun tán, ìyá mi á rẹ òwú àtùpà sílẹ̀ títí iná rẹ̀ á fi kéré bí ojú ológbò. "Epo tó bá ṣẹ́ kù lónìí ni ìmọ́lẹ̀ ọ̀la," bẹ́ẹ̀ ni í máa ń wí. Bùbá òfì tó rán fún mi ni mo wọ̀ sùn lóru ọjọ́ náà.

Nǹkan bí ìdajì epo tí Amẹ́ríkà ń lò nígbà náà ló ń ti òkè òkun wá, tiwa ní Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí Carter ń wí ni pé kí wọ́n ṣọ́ ọ lò, kí wọ́n sì wá tiwọn nílé, nínú èédú àti lára oòrùn. Lọ́dún 1979, nígbà tí rògbòdìyàn Ìránì sọ epo di ọ̀wọ́n, ó ní kí wọ́n to sólà 32 sórí òrùlé ilé ìjọba láti fi mú omi gbóná. Àwọn kan pè é ní ìṣẹ́. Ó dùn mí, nítorí ṣíṣọ́ nǹkan lò yàtọ̀ sí ìṣẹ́. Olórí tó ní ká mú nǹkan mọ́ra, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ mú un mọ́ra, yẹ lẹ́ni tí à ń gbọ́ tirẹ̀.

Wọ́n tú sólà náà kúrò lọ́dún 1986. Ṣùgbọ́n ní 2017, nígbà tí Carter ti pé ẹni ọdún 92, ó yọ̀ǹda éékà mẹ́wàá nínú ilẹ̀ oko rẹ̀ ní Plains, ìlú rẹ̀ ní Georgia. Wọ́n to sólà síbẹ̀, tí yóò máa pèsè ju ìdajì iná ìlú náà lọ. Ká ní ìyá mi wà láyé ni, ìbá ní ọmọ ilé wa ni.