Agẹmọ àti Ààlà Agbára

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ibi tí ayé bá bá ni là á ti í jẹ ẹ́. Òwe yìí kò yọ ọba sílẹ̀, kò sì yọ ààrẹ sílẹ̀. Bí òfin ti lè dí ààrẹ lọ́nà, bẹ́ẹ̀ náà ni àpò ìjọba tí ó gbẹ lè dè é lọ́wọ́. Mathieu Kérékou ti orílẹ̀-èdè Benin rí méjèèjì.

Ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1972 ni ó fi ìbọn gba ìjọba. Fún ọdún mẹ́tàdínlógún, ohun tí ó bá sọ ni abẹ gé. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ọdún 1989, àwọn báńkì ti dẹnu kọlẹ̀, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba kò rí owó oṣù gbà, ìyanṣẹ́lódì sì gba ìlú kan. Ìbọn kò lè sọ àpò òfìfo di kíkún. Ní oṣù Ọ̀pẹ, ó kọ ìlànà Marx àti Lenin sílẹ̀, ó sì gbà kí a pe àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè.

Àpérò náà bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnu ní oṣù Èrèlé ọdún 1990, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza sì ni alága rẹ̀. Ìmọ̀ràn ni ìjọba retí. Àṣẹ ni àpérò gbà fún ara rẹ̀. Kérékou ní ọmọ ogun lẹ́yìn, síbẹ̀ ó gbà. Wọ́n fi orúkọ ààrẹ sílẹ̀ fún un, wọ́n sì gbé iṣẹ́ ìjọba lé Nicéphore Soglo lọ́wọ́. Ní ọdún 1991, Soglo fi ìbò borí rẹ̀.

Kí a má ṣe sọ ọ́ di ẹni mímọ́: wọ́n ṣe òfin tí ó dáàbò bò ó kí ẹnikẹ́ni má baà pè é lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ìbò ni ó gbé e padà ní ọdún 1996. Nígbà tí ọdún 2006 dé, sáà méjì tí òfin gbà ti pé, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti kọjá 70 tí òfin fi ṣe òpin. Àwọn kan fẹ́ kí a tún òfin náà ṣe; ó kọ̀, ó sì lọ. Ní Togo tí ó múlé tì í, wọ́n ti yọ irú ààlà bẹ́ẹ̀ kúrò ní ọdún 2002.

Agẹmọ ni àwọn ènìyàn ń pe Kérékou, nítorí àwọ̀ tí ó ń pa dà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ni agẹmọ ń pa láwọ̀ dà, kì í ṣe igi tí ó dúró lé. Ààrẹ tí kò bá lè yí ara rẹ̀ padà, òfin ni yóò máa yí. Alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ tán. Àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ.