Ojú Wo Ló Mú?

Lẹ́ǹsì tí àwa ń lò kò ní ẹ́ńjìnnì nínú. Ẹ lè tẹ bọ́tìnì kámẹ́rà títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní yí ara rẹ̀. Ọwọ́ la fi ń yí i. Helios 44-2 ni, 58mm f/2. Ilẹ̀ Soviet ni wọ́n ti ṣe é nígbà tí àwọn òbí wa ṣì ń lọ sílé ìwé, Biotar tí Zeiss ṣe ní Jámánì sì ni wọ́n wò ṣe é. Tòkunbọ̀ la rà á, bí èèyàn ṣe ń ra fíríìjì. Kámẹ́rà tí a so ó mọ́ ńkọ́? Sony a7 II, tó jáde lọ́dún 2014.

Àwọn èèyàn máa ń bi wá pé kí ló dé tí a ń fìyà jẹ ara wa. Ṣebí kí Minolta tó gbé Maxxum 7000 jáde ní 1985 pàápàá, kámẹ́rà ti ń wá fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀? Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni owó. Ìdáhùn kejì ló gùn díẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n sábà máa ń pè wá sí ni fọ́tò àgbàlagbà. Bàbá pé ọgọ́rin ọdún, màmá ń lọ sí àádọ́rùn-ún, àwọn ọmọ ní àwọn fẹ́ fọ́tò kan tó dáa. Kò sẹ́ni tó máa ń sọ ọ́ jáde, àmọ́ gbogbo wa la mọ ibi tí fọ́tò yẹn ń lọ. Lọ́jọ́ kan, wọ́n á fẹ̀ ẹ́ sórí bánà, wọ́n á gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sára ìwé ètò ìsìnkú. Àgbà náà mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi wọ aṣọ òkè, tó gbé ọwọ́ lé orúnkún, tó kọjú sí kámẹ́rà gan-an. Irú ìjókòó yìí ti pẹ́ nílẹ̀: Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn African Arts lọ́dún 1978, nígbà tó ń ṣàlàyé bí àwọn onífọ́tò Yorùbá ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé fọ́tò tó mú lórí síkírínì kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà lè má mú lórí bánà. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì fẹ̀ ẹ́, ẹni tí a fẹ́ tún yà lè má sí mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí lẹ́ǹsì wa bá wà ní f/2, tí àgbà jókòó ní mítà kan sí wa, gbogbo ibi tó máa mú kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3.5 lọ. Bí ẹyinjú bá mú, etí á ṣe bàìbàì. Bí ṣóńṣó imú bá mú, ẹyinjú ti sá lọ. Ìṣirò ayé fíìmù sì nìyẹn, tó gbà pé àmì tí kò bá ju 0.03mm lọ lórí fíìmù ti mú náà nìyẹn. Kámẹ́rà wa ní píksẹ́lì mílíọ̀nù 24, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì ju nǹkan bíi 0.006mm lọ. Márùn-ún wọn ló máa tò sórí àmì kan ṣoṣo yẹn. Ohun tí fíìmù lè bò láṣìírí, kámẹ́rà òde òní á tú u.

Èdè wa náà tún wá dá kún ọ̀rọ̀ náà. Ojú la fi ń ríran, gbogbo iwájú orí náà la tún ń pè ní ojú. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wo fọ́tò tó ní “ojú màmá ò mú,” a ní láti bi í pé: ojú wo? Ní f/2, ẹ ò lè rí gbogbo rẹ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa yan ojú kan nínú ojú. Tiwa ni pé ẹyinjú tó bá sún mọ́ kámẹ́rà jù la máa ń mú.

Báwo la ṣe ń mú un? Kámẹ́rà òde òní ní ohun tí wọ́n ń pè ní focus peaking. Á máa fi àwọ̀ pupa tàbí yẹ́lò kun etí ohunkóhun tó bá rò pé ó ti mú. Ó dáa, àmọ́ kò mọ màmá. Ibi tí dúdú àti funfun ti pàdé nìkan ló mọ̀. Gèlè tó ń dán, yẹtí góòlù, iyùn ọrùn, ara àdìrẹ, gbogbo wọn á pọ́n fòò. Ìpéǹpéjú ẹni tó dúdú, nínú pálọ̀ tó jẹ́ wíńdò kan ṣoṣo ló ní, kì í pọ́n rárá nígbà mìíràn. Ẹ á rò pé ẹ ti mú un, kẹ́ ẹ tó délé, iyùn ló mú, ìyá ò mú.

Peaking dà bí ẹni tó júwe àdúgbò fún wa. Ká tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, àfi ká fẹ àwòrán náà tóbi. Bọ́tìnì kan wà tó máa ń gbé ibi kékeré kan sún mọ́ wa. A máa ń gbé e lé ẹyinjú, a á sì yí òrùka lẹ́ǹsì títí irun ìpéǹpéjú á fi ya ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí tí wíńdò pálọ̀ á fi hàn nínú ẹyinjú náà. A kì í dúró níbi tó ti kọ́kọ́ mú o. A á yí i kọjá díẹ̀, a á dá a padà, a á wá sinmi sí àárín.

Ibi tí ẹyinjú wà nínú fọ́tò gan-an la ti ń ṣe é. Bí a bá fi àárín kámẹ́rà mú ojú, tí a wá yí kámẹ́rà ní ìwọ̀n 15° kí fọ́tò lè jókòó dáadáa, fókọ́ọ̀sì ti kọjá sẹ́yìn ojú ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3.4. Ẹ rántí iye tí a ní tẹ́lẹ̀.

Kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yí róbótó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ń yọjú sí, títí nọ́ńbà inú rẹ̀ á fi hàn kedere sí ojú tiyín. Ẹ sọ fún kámẹ́rà pé 58mm ni lẹ́ǹsì náà, kó lè mọ bó ṣe máa bá yín ká ìgbọ̀n ọwọ́ kò. Ẹ má gbára lé nọ́ńbà jíjìn tí wọ́n kọ sára lẹ́ǹsì. Lẹ́ǹsì M42 fẹ́ wà ní 45.46mm sí fíìmù, Sony fi 18mm sílẹ̀, adapter ló di 27.46mm tó kù. Bó bá kúrú díẹ̀ báyìí, nọ́ńbà yẹn ti di irọ́. Àwọn lẹ́ǹsì kan sì máa ń sún fókọ́ọ̀sì bí ihò wọn bá ṣe ń dín. Ihò tí ẹ máa fi yà á gan-an ni kẹ́ ẹ fi mú un.

Ní f/4, ibi tó ń mú á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 7. Àánú nìyẹn jẹ́, àmọ́ ìdá mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ f/2, ìdá kan péré ló ń wọlé. Nínú pálọ̀ wíńdò kan, kì í ṣe gbogbo ìgbà la lè san owó yẹn.

Gbogbo ìyídà yìí máa ń gba àkókò. Màmá kan ní Abẹ́òkúta ti jókòó tì wá títí.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ò tíì yà á ni?”

“Ó kù díẹ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira.”

“Kí lẹ tún ń wá?”

“Ojú yín ni, mà.”

“Ojú mi ọ̀hún nìyí látàárọ̀!”

Ẹ̀rín pa wọ́n. Èjìká tí wọ́n ti gbé sókè bí ọmọ sójà rọlẹ̀, ara wọn sún síwájú díẹ̀, fókọ́ọ̀sì sì sọnù. A tún un wá. Nígbà tí a rí i, wọn ò rántí kámẹ́rà mọ́, àwa ni wọ́n ń wò. Fọ́tò tí àwọn ọmọ wọn mú nìyẹn.

Kámẹ́rà tuntun lè rí ojú èèyàn fúnra rẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ́jú, a ò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kejì wa nìyí: lẹ́ǹsì tí kò lè dá ṣe é ń fi tipátipá mú wa wo ẹni tó jókòó, pẹ́ tó láti mọ ojú tó ń fi wo èèyàn. Kí bánà tó gbé ojú yẹn lọ, ó yẹ kí ẹnì kan ti wò ó.

Bí irú lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ bá wà nínú dúrọ́ọ̀ bàbá yín, ẹ gbé e jáde, ẹ wá adapter tó bá a mu. Ẹni tó dàgbà jù nínú ilé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà.