Mo dé Suame, mo rí iná tó ń gé irin

Ẹni tó bá ti Èkó gba ojú títì lọ sí Kumasi ní orílẹ̀-èdè Ghana, yóò gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá, yóò la Kùtọnu àti Lòmé já, yóò sì wọ Ghana ní Aflao. Bó bá tilẹ̀ dé Accra, kò tíì dé ibi tó ń lọ, nítorí ó lé ní 200 kìlómítà tó ṣì kù níwájú rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni mo gbà láìpẹ́ yìí. N kò bá ti òṣèlú lọ, bẹ́ẹ̀ ni n kò bá ti ìgbéyàwó lọ. Irin ni mo bá lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló ránṣẹ́ sí mi pé òun ti ra ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gé irin. Ó ní kí n wá fi ojú ara mi rí i, kí n tó tún máa kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé iṣẹ́ ọwọ́ ti kú ní ilẹ̀ adúláwọ̀.

Suame Magazine ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ní apá àríwá ìlú Kumasi. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá gbọ́ Magazine, ẹ má rò pé ìwé ìròyìn ni. Ilé tí àwọn ológun ń kó ohun ìjà pamọ́ sí láyé àtijọ́ ni orúkọ náà ti wá. Lónìí, ìlú àwọn mẹkáníìkì, wẹ́dà, alágbẹ̀dẹ àti àwọn tó ń ta ògbólógbòó ẹ́ńjìnnì ni. Ẹni tó bá mọ Ládípọ̀ ní Mushin, tó sì ti dé Nnewi rí, kó pa méjèèjì pọ̀, kó da ọ́ìlì dúdú sí ilẹ̀ ibẹ̀, kó wá fi ariwo òòlù lé e. Láàárọ̀ tí mo débẹ̀, bí mo ṣe ń fo kòtò omi kan ni mo ń yẹra fún ọmọlanke tó kó ẹnu ọkọ̀ tírélà odindi. Obìnrin kan tó ń ta kẹ́ńkẹ́ rí i pé àlejò ni mí, ó ní, "Akwaaba." Ìyẹn ni pé, ẹ káàbọ̀.

Ohun kan wà tí Suame fi yàtọ̀ sí púpọ̀ nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀ nílé wa. Yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà ní Kumasi dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní ọdún 1972, iṣẹ́ tí wọ́n sì gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kó máa mú ìmọ̀ jáde kúrò nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ lọ bá oníṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tó di ọdún 1980, wọ́n ṣí ibùdó kan sí àárín Suame gan-an, níbi tí àwọn tó mọ ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ irin ti ń kọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò dúró sí ilé rẹ̀ kí alágbẹ̀dẹ wá kí òun. Òun ló lọ kí alágbẹ̀dẹ.

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti kọ́kọ́ rí owú bàbá rẹ̀. Ó dúdú, ó wúwo, òòlù ti jẹ ẹ́ lójú dé ibi tí omi òjò ń dúró sí. Kumasi ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n sí ní ọdún 1962. Bàbá rẹ̀ ti rọ ọkọ́ àti àdá fún àwọn àgbẹ̀ Asante fún ọdún pípẹ́, kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ọdún méje ni ẹ̀gbọ́n nígbà náà.

"Bàbá wa kó ìyá wa, ó kó wa, ó sì kó aṣọ díẹ̀," ló wí fún mi. "Ṣùgbọ́n awakọ̀ ní òun kò lè gbé owú. Ará ilé wa kan, ọmọ Asante, ló gbé e wọ yàrá rẹ̀."

Àwa náà kò fi bẹ́ẹ̀ ní ẹnu ọ̀rọ̀, nítorí ní oṣù Kínní, ọdún 1983, ìjọba tiwa náà lé àwọn ará Ghana, tí wọ́n fi ń di ẹrù sínú báàgì tí a ṣì ń fi orúkọ wọn pè títí di òní. Ẹ̀gbọ́n padà sí Kumasi ní ọdún 1994. Ará ilé wọn náà ti kú, àmọ́ ọmọ rẹ̀ mú un wọ yàrá, ó fi owú náà hàn án, ó ní bàbá òun ti sọ pé ẹni tó ni ín yóò wá a wá. Òun nìyí lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ̀rọ olówó ńlá sì wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí i.

Ọjọ́rú ni mo débẹ̀, n kò sì bá ẹ̀gbọ́n láyọ̀. Ìdí ni pé ó ti ta ilẹ̀ kan tó ní sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó tún ti yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lé e, kó tó lè ra ẹ̀rọ náà láti orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tó gbà ni awẹ́ irin 60, tí obìnrin kan tó ń ṣe ẹ̀rọ gàrí fẹ́ lò fún ibi tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́ àti ibi tí wọ́n ti ń kù ú. Obìnrin náà wo ọjà, ó dá gbogbo rẹ̀ padà. Ìdàrọ́ ló lẹ̀ mọ́ etí irin, ó mú ṣáṣá bí eyín ayùn. Ó ní bí èyí bá já bọ́ sínú gàrí, ikùn ọmọ ọlọ́mọ ni yóò lọ. Ó fún ẹ̀gbọ́n di ọjọ́ Ẹtì. Bí kò bá dára, òun yóò gba owó àsansílẹ̀ òun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Fàíbà léésà ni wọ́n ń pè é. Inú okùn dígí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń jáde, èròjà kan tó ń jẹ́ ytterbium ni wọ́n sì pò mọ́ dígí náà. Wọ́n a máa tan àwọn iná kéékèèké sínú okùn yìí, èròjà náà a gbà wọ́n, a sì sọ wọ́n di ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo tó lágbára, tí ojú ènìyàn kò lè rí, ṣùgbọ́n tó lè fọ́ ojú náà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe ilé bò ó. Dígí mìíràn ló ń kó ìmọ́lẹ̀ náà jọ sójú kan tí kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Irin tó bá bọ́ sábẹ́ rẹ̀ yóò yọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n yíyọ́ nìkan kò tíì di gígé. Ohun tó yọ́ gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò tún dì padà. Afẹ́fẹ́ ló ń lé e kúrò. Ọ̀gbẹ́ni Peter Houldcroft, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ fi ọ́síjìn kún ìmọ́lẹ̀ léésà láti gé irin, ní ọdún 1967, ní ibùdó ìwádìí kan nítòsí Cambridge. Nígbà tí mo ka èyí fún ẹ̀gbọ́n, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹwìrì náà nìyẹn. Ta ló fẹ́ rọ irin láìfẹ́ ẹwìrì?"

Ibi tí ọgbọ́n wà ni pé ẹwìrì kan kò bá gbogbo irin mu. Irin lásán, èyí tí a fi ń ṣe gẹ́ètì, ọ́síjìn ló fẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni. Irin fúnra rẹ̀ ń jóná nínú ọ́síjìn, iná yẹn sì ń ran ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́. Bó bá pọ̀ jù, iná a gba ìjọba lọ́wọ́ ẹ̀rọ, a sì máa jẹ irin kọjá ibi tí a fà á sí, pàápàá ní kọ̀rọ̀. Bí irin bá ti dípẹtà tàbí tí ó ní ọ̀dà lára, ojú ibi tí a gé kò ní dọ́gba. Èèpo dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì máa ń wà ní etí rẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ ha kúrò kí a tó kùn ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀dà yóò bó.

Irin tí kì í dípẹtà, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní sitéńléẹ̀sì, kórìíra ọ́síjìn lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Bí ọ́síjìn bá kàn án nígbà tó bá yọ́, etí rẹ̀ a dúdú, ibẹ̀ ni ìpẹtà yóò sì gbà wọlé. Náítírójìn ni wọ́n ń fẹ́ sí i, pẹ̀lú agbára tó tó ìlọ́po mẹ́fà tàbí méje ti inú táyà ọkọ̀ kékeré. Náítírójìn kì í bá irin jó, kìkì pé kó gbá èyí tó yọ́ dànù ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti péjọ sí náà gbọ́dọ̀ wọ inú irin lọ, kó má dúró sójú rẹ̀. Bí gbogbo èyí bá pé, etí irin a dán bí fàdákà.

Aluminiọ́mù ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Inú rẹ̀ ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru 660, ṣùgbọ́n awọ tín-ín-rín tó bò ó lára kì í yọ́ títí ooru yóò fi kọjá 2,000. Nítorí náà, inú á ti di omi nígbà tí awọ ṣì le, ìdàrọ́ a sì máa rọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ bí ọ̀rá. Ti bàbà àti idẹ tún wá léwu jù. Wọ́n ń dán, wọ́n sì ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ibi tó ti wá, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tó padà lè ba orísun rẹ̀ jẹ́. Bàbà tún ń gbé ooru sá lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ irin lásán. Ojú mi ni oníbàárà kan ṣe gbé bàbà nínípọn wá tí ẹ̀gbọ́n sì kọ̀ ọ́. Owó ni o, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀rọ òun kò ní agbára rẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Kí ló wá bá awẹ́ irin 60 jẹ́? Ẹ̀gbọ́n ti pààrọ̀ sìlíńdà náítírójìn, ó ti dín eré ẹ̀rọ kù, ìdàrọ́ kò lọ. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọmọbìnrin Asante kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kó mẹ́wàá nínú àwọn awẹ́ náà, ó tò wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà lórí ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n gé wọn. Ó fọwọ́ ra wọ́n yíká. Ó ní, "Papa, ẹ wò ó, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló wà."

Òótọ́ ni. Lára gbogbo wọn, etí tó kọjú sí ògiri nìkan ló ní ìdàrọ́. Etí yòókù mọ́. Bó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló kéré ni, gbogbo etí ni ì bá bàjẹ́. Ọmọbìnrin náà lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, ó tan ìmọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan wéré, ó sì ṣí i wò. Ihò tín-ín-rín tí iná dá sí i kò sí láàárín ẹnu náà, ó ti yà sí ẹ̀gbẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí ibì kan, afẹ́fẹ́ ń bọ́ sí ibòmíràn. Ẹ̀gbọ́n fi kọ́kọ́rọ́ kékeré yí i díẹ̀díẹ̀ títí ihò fi bọ́ sáàárín gẹ́gẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú 20. Gbogbo ìyọnu ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn.

Wọ́n gé irin tuntun títí ilẹ̀ fi ṣú. Iná ìjọba lọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ará Ghana ní orúkọ fún un, dumsor, ìyẹn ni pé ó kú, ó tún tàn. A jókòó sínú òkùnkùn, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, títí ó fi dé.

Obìnrin ẹlẹ́rọ gàrí dé ní ọjọ́ Ẹtì. Kò béèrè ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Ó mú òwú jáde nínú báàgì rẹ̀, ó sì fi ń ra etí awẹ́ irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ìdàrọ́ bá wà, òwú yóò há. Ó ra èkíní, ó ra èkejì, ó ra gbogbo 60. Òwú kò há. Ó ka owó tó kù sílẹ̀, ó sì ní kí ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ 60 mìíràn.

N kò ní parọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ló dùn. Nínú àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin tó ń fi ṣísẹ́lì àti gáàsì gé irin fún ẹ̀gbọ́n tẹ́lẹ̀, méjì ló kù, àwọn ló ń tẹ irin tí wọ́n sì ń jó o pọ̀. Méjì ti wá iṣẹ́ lọ síbòmíràn. Gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣì kù oṣù 14. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mú bọ̀ láti Suame ni pé kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó ṣòro jù láti ní. Ọmọ tí wọ́n kọ́ láti wo irin dáadáa, tí ọ̀gá rẹ̀ sì gbà kó sọ̀rọ̀, òun ló gba ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n tà lọ́wọ́ òfò. Nílé wa, a máa ń pín ẹ̀rọ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ níwájú ayàwòrán. Ta ló ń tẹ̀ lé ẹ̀rọ náà dé ṣọ́ọ̀bù láti kọ́ wọn bí iná rẹ̀ ṣe rí? Yunifásítì wa pọ̀, abúlé mẹkáníìkì wa náà pọ̀. Ògiri tó wà láàárín wọn ni a kò tíì wó.

Nígbà tí mo ń lọ, ẹ̀gbọ́n sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Mo bi í léèrè bí bàbá rẹ̀ ì bá ṣe gba irú iṣẹ́ yìí. Ó fi ẹsẹ̀ kan owú náà díẹ̀.

"Bàbá mi mọ̀ pé irin kọ̀ọ̀kan ló ní iná tirẹ̀," ló wí. "Kò sí ohun tuntun tí ẹ̀rọ yìí sọ fún mi ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ó gbowó kó tó sọ ọ́."